Ohùn Wo Ni Ká Gbé Wọ Kíláàsì? Ìfiwéra fún Olùkọ́ Lítíréṣọ̀, Ìtàn àti Orin ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́

Ọmọ yunifásítì tó kọ́ nípa orin Ẹ̀fẹ̀, orin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, láti inú ìwé nìkan kò tíì kọ́ nípa orin Ẹ̀fẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló wà lójú ìwé. Ohùn tó gbé ọ̀rọ̀ náà, ìlù tó ń dá a lóhùn, agbo tó ń gbè é lóru, kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn ìlú tí àwọn àgbà ń fẹnu sọ rí, bẹ́ẹ̀ sì ni orin ààfin Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Fún àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀, ìtàn, orin àti eré orí ìtàgé, ohùn àti fídíò àkásílẹ̀ jẹ́ ojúlówó ohun èlò ẹ̀kọ́. Ó yẹ ká máa fi ìṣọ́ra yàn wọ́n bí a ṣe ń yan ìwé.

Wọ́n pọ̀, wọn kò sì dọ́gba. Ọ̀fẹ́ ni àwọn kan, owó gọbọi ni wọ́n ń gbà lórí àwọn mìíràn. Màá gbé àwọn tó wà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, màá sì sọ èyí tí èmi máa mú. Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí: àkásílẹ̀ tí a mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, tí a mọ ibi tó ti sọ ọ́, ìgbà tó sọ ọ́ àti ẹni tó yọ̀ǹda rẹ̀, sàn ju èyí tó mọ́ gaara tí a kò mọ orísun rẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n yìí ni màá fi wọn gbogbo wọn.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òkèèrè: Yale tàbí Collège de France?

Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣí Open Yale Courses ní 2007. Odindi kọ́ọ̀sì ni wọ́n ká, láti kíláàsì àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Ẹ lè wo fídíò rẹ̀, ẹ lè gba ohùn rẹ̀ nìkan, ohun tí olùkọ́ sọ sì wà ní kíkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ́ọ̀sì Paul Fry lórí tíọ́rì lítíréṣọ̀ wà níbẹ̀, ti Donald Kagan lórí ìtàn Gíríìsì àtijọ́ náà wà níbẹ̀. Àṣẹ Creative Commons tó wà lórí wọn gba ẹnikẹ́ni láyè láti dà wọ́n kọ, láti pín wọn, kódà láti túmọ̀ wọn, bí ó bá ti dárúkọ ẹni tó ni wọ́n, tí kò tà wọ́n, tó sì fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àṣẹ kan náà.

Collège de France ní Paris ti wà láti 1530. Kì í fún ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó bá wù ló lè wọlé lọ gbọ́ ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ náà sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yálà ní ohùn tàbí ní fídíò. Alain Mabanckou, òǹkọ̀wé ọmọ Kóńgò, kọ́ni níbẹ̀ ní 2016 lórí lítíréṣọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní 2019 ni François-Xavier Fauvelle di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ lórí ìtàn Áfíríkà àti nǹkan àtijọ́ tí wọ́n ń wú nínú ilẹ̀ rẹ̀.

Yale ló fún wa láyè jù, Collège de France ló sún mọ́ wa jù. Èdè Faransé ni àwọn ọmọ wa fi ń kọ ìdánwò, ọ̀rọ̀ Áfíríkà sì ni àwọn méjì tí mo dárúkọ yìí ń sọ. Fún ọmọ ọdún kẹta sókè, Collège de France ni màá mú. Yale dára fún ọmọ tó ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, torí bó ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ló ń kà á. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tan fídíò wákàtí kan sílẹ̀ kí ẹ wá jókòó tì í. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Ẹ dá a dúró, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà gbà pé òótọ́ ni láìsọ ọ́ jáde, kí ẹ tún ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà gbọ́.

Ohun tí àwọn méjèèjì kò lè fún wa ni ohùn ẹni tó ni ìtàn. Àlàyé ni wọ́n ń ṣe. Bí kọ́ọ̀sì bá nílò ẹ̀rí, ibòmíràn ni ká lọ wá a.

Àká tí ilé ìkàwé ń sanwó fún

Kanopy àti Academic Video Online kún fún fíìmù tó dára lórí tíátà, ijó, ìtàn àti ìmọ̀ ọgbọ́n orí. Bí ilé ìkàwé yunifásítì yín kò bá sanwó rẹ̀, ilẹ̀kùn wọn tì. Box of Broadcasts, tó ń tọ́jú ètò rédíò àti tẹlifíṣọ̀n fún àwọn yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ṣí fún ẹni tí kò sí ní ilẹ̀ náà rárá. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo fi wọ́n sí. Wọ́n dára, ọwọ́ wa ni kò tó wọn.

Ohùn àtijọ́: Nanterre tàbí Washington?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Gilbert Rouget, ọmọ Faransé tó ṣiṣẹ́ ní Musée de l'Homme ní Paris, ká orin ààfin Àjàṣẹ́ sílẹ̀ nígbà ayé ọba Gbèfa, tó wà lórí oyè láti 1948 sí 1976. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1996 pẹ̀lú CD méjì. Ẹ ó gbọ́ orin àwọn ayaba nínú rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ alounloun, ọ̀pá irin olórùka tí wọ́n ń mì tó ń dún ṣaworo. Àkójọ ohùn Musée de l'Homme ti wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìwádìí CREM ní Nanterre, ó sì ṣeé wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan wà tí ẹ lè gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn, àpèjúwe wọn nìkan lẹ máa rí, àfi kí ẹ kọ̀wé béèrè.

Gùn ni èdè orin ààfin náà. Olùkọ́ Yorùbá lè torí ìyẹn fò ó dá, mi ò sì rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Nínú Àjàṣẹ́, Gùn àti Yorùbá ti jọ ń gbé àdúgbò kan náà, wọ́n jọ ń ṣòwò, wọ́n ń fẹ́ ara wọn. Ọmọ tó fẹ́ mọ orin ìlú yìí gbọ́dọ̀ gbọ́ méjèèjì. Ẹ pe àgbàlagbà kan tó gbọ́ èdè náà dáadáa wá sí kíláàsì kí ó bá yín túmọ̀ rẹ̀. Ohun tó máa ṣàlàyé lórí orin kan ṣoṣo á kún wákàtí méjì.

Folkways, ilé iṣẹ́ àwo orin ní Amẹ́ríkà, ló wà lódìkejì. William Bascom, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ọmọ Amẹ́ríkà, ká ìlù Yorùbá sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ìgbìn, dùndún àti bàtá, àwo náà sì jáde ní 1953. Nígbà tí Smithsonian ní Washington gba Folkways ní 1987, wọ́n ṣèlérí pé àwo kankan kò ní kúrò lórí àtẹ. Ìwé àlàyé tó bá àwo náà rìn wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbà á, bí kò tilẹ̀ tíì ra àwo náà.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ kíláàsì dá ìdílé ìlù mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwo Bascom tètè yé ènìyàn, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n mọ bí orin ṣe ń gbé inú ààfin kan, pẹ̀lú ọba kan àti àwọn ayaba rẹ̀, kò sí èyí tó dé ìdí iṣẹ́ Rouget. Òun ni màá mú fún kíláàsì orin ní Àjàṣẹ́.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè rí ohun púpọ̀ nínú irú àká bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi Bénin nìkan wá nǹkan. Ọdún 1975 ni orílẹ̀-èdè yìí gba orúkọ yẹn. Ohun tí wọ́n ká ṣáájú ìgbà náà wà lábẹ́ Dahomey. Ẹ tún fi Nago (Yorùbá), Kétou (Kétu), Savè (Ṣábẹ̀ẹ́) àti Hogbonou (Àjàṣẹ́) wá a, torí bí àwọn Faransé ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá sì rí ohun tó wúlò, tí àṣẹ wà láti gbà á, ẹ gbà á kí ẹ fi pamọ́ sílé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn kọlu kọ̀ǹpútà British Library ní Lọ́ńdọ̀nù, àká ohùn wọn sì kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìgbà pípẹ́. Olùkọ́ tó gbára lé líǹkì nìkan ò ní ohun tó máa fi kọ́ni lásìkò yẹn.

Rédíò wa tàbí YouTube?

Ètò rédíò lédè Yorùbá ní ohun kan tí YouTube kò ní: ẹ lè mọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Atọ́kùn á dárúkọ àlejò rẹ̀, á dárúkọ ìlú tó ti wá. Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ rédíò tó wà nítòsí yín, ẹ sọ kọ́ọ̀sì tí ẹ fẹ́ lò ó fún, ẹ dárúkọ ètò àti ọjọ́ rẹ̀. Ìwé tó sọ ohun pàtó ni wọ́n ń dáhùn.

YouTube kún fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eégún àti oríkì, ṣùgbọ́n àkọlé lè sọ Kétu kí ijó náà jẹ́ ti ìlú mìíràn, wọ́n sì lè fi orin mìíràn bo ohùn tó wà níbẹ̀. Kí ẹ tó lò ó, ẹ jẹ́ kí ọmọ ìlú náà gbọ́ ẹ̀ka èdè tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó gbé e síbẹ̀, ẹ béèrè ibi tó ti ká a. Bí kò bá dáhùn, ẹ lò ó láti fi dá ìjíròrò sílẹ̀, ẹ má lò ó bí ẹ̀rí.

Kíká fúnra wa: ohùn tàbí fídíò?

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Kétu ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló fi hàn jù pé ohun tí etí ń gbà yàtọ̀ sí ohun tí ojú ń gbà. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ ogún aráyé ní 2008 fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Òru ni Ẹ̀fẹ̀. Akọrin á júbà àwọn ìyá, á súre fún ìlú, á wá bú ẹni tó bá yẹ ní bíbú, agbo á sì máa gbè é. Ìmọ́lẹ̀ ò tó. Kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn èrò kò rí ju òjìji lọ. Ọ̀rọ̀ ni ẹwà rẹ̀. Nítorí náà, fún kíláàsì lítíréṣọ̀, ohùn nìkan ni kí ẹ ká, kí gbogbo agbára yín sì wà lórí máíkì tó sún mọ́ akọrin.

Tó bá di ọ̀sán, tí ijó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Oníjó ti so irin mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, ohun tí ìlù ń wí ló ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohùn nìkan kò lè sọ èyí fún ọmọ kíláàsì. Ẹ lo fídíò, kí ẹ sì jẹ́ kí kámẹ́rà dúró síbi tó ti rí oníjó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, àti onílù pẹ̀lú rẹ̀ bó bá ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ fídíò tí mo ti wò ló sún mọ́ ère orí débi pé ẹsẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Fídíò bẹ́ẹ̀ wúlò fún kíláàsì ọnà gbígbẹ́. Òfo ni fún kíláàsì ijó.

Ìtàn ẹnu náà ní ìpín méjì tí a kò gbọ́dọ̀ dà pọ̀. Ní Kétu, Baba Ẹlẹ́gùn ni iṣẹ́ rírántí ìtàn ìlú wà lọ́wọ́ wọn; àwọn ni wọ́n ń ka ìtàn náà nígbà tí ọba tuntun bá ń gorí oyè. Kíkà bẹ́ẹ̀ ní àyè tirẹ̀, ó ní ìgbà tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í dá a dúró láti béèrè ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá wá lọ bá àgbà kan nílé, tí ẹ ń bi wọ́n nípa ọdún 1886 tí ogun Dahomey fọ́ Kétu, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lẹ̀ ń ṣe yẹn. Ẹ lè béèrè pé, «Bàbá, ta ló sọ èyí fún yín?» Wọ́n á dáhùn, ìdáhùn náà sì jẹ́ ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Fún kọ́ọ̀sì ìtàn, èmi máa mú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Fún kọ́ọ̀sì lítíréṣọ̀ alohùn, kíkà tí kò ní ìdíwọ́ ló dára jù, bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀. Bí àgbà náà bá sì gbà láti bá yín lọ sí Àkàbà Ìdènà, ẹnu ọ̀nà àtijọ́ ìlú Kétu, ẹ gbé kámẹ́rà dání: ibi tí ọwọ́ wọn ń nà sí lára ẹnu ọ̀nà náà wà lára ìtàn.

Fún Ṣábẹ̀ẹ́, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo ní, mo sì gbà á gbọ́ gidigidi. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì tó jẹ́ ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ lọ ká oríkì ilé wọn lẹ́nu ìyá wọn àgbà. Ẹ̀ka èdè tí àjèjì kò ní gbọ́ dáadáa, tí wọ́n á sì dà kọ pẹ̀lú àṣìṣe, ọmọ ilé gbọ́ ọ. Ìyá àgbà náà kò sì ní máa ṣọ́ra bí ẹni tí àlejò dé bá.

Fóònù tàbí ẹ̀rọ ìkáhùn?

Fóònù ló wà lọ́wọ́ gbogbo wa, ó sì tó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bí ẹ bá mọ ibi tó ti ń kùnà. Àwọn fóònù kan ń fi ohùn pamọ́ ní AMR, irú fáìlì tí wọ́n ṣe fún ọ̀rọ̀ sísọ, èyí tí kì í gba ìró tó bá ga ju 4,000 hertz lọ. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí èdè wa gbára lé kò ní sọnù, torí ìsàlẹ̀ 4,000 hertz yẹn ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ ni ohun tó ya ìró s àti f sọ́tọ̀ wà, ibẹ̀ náà ni dídán ìró irin bí alounloun wà. Ẹ wo ètò fóònù yín, ẹ yan WAV (irú fáìlì tí kì í gé ohùn kù), tàbí M4A bí WAV kò bá sí. Fóònù tún máa ń fúnra rẹ̀ tẹ ohùn ńlá mọ́lẹ̀, ó ń gbé kékeré sókè. Bí ìlù bá ti dún, ohùn akọrin á rì. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ ìkáhùn kékeré bíi ti Zoom tàbí Tascam fi sàn níbi tí ìlù bá wà, torí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣètò bí ohùn ṣe ń wọlé. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ má gbé e sórí tábìlì. Ẹ gbé e sún mọ́ ẹnu tó bí 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì fi fóòmù bo máíkì nítorí atẹ́gùn.

Ìwọ̀n fáìlì wákàtí kan nìyí, kí ẹ lè mọ ohun tí dátà yín á gbé:

| Irú fáìlì | Ìwọ̀n wákàtí kan |
|---|---|
| MP3, 64 kbps | bíi 29 MB |
| MP3, 128 kbps | bíi 58 MB |
| Fídíò kékeré, 1 Mbps | bíi 450 MB |
| WAV sítẹ́ríò, 44.1 kHz, 16-bit | bíi 635 MB |

WAV ni kí ẹ fi pamọ́, sí ibi méjì tó jìnnà síra. MP3 64 kbps ni kí ẹ fún àwọn ọmọ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ, 128 tó bá jẹ́ orin. Fláàṣì ló dára jù láti fi pín in. Bó bá di dandan kí ẹ lo WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé (document) kí wọ́n má bàa fún un pọ̀.

Ẹ̀tọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀

Òfin 2005-30 ti ọdún 2006 ló ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti ti akọrin ní Bẹ̀nẹ̀, BUBEDRA sì ni ilé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ni ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà ọmọlúàbí béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gba àṣẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ṣé ẹ lè gbọ́ ọ nínú kíláàsì, ṣé ẹ lè fi sí ilé ìkàwé, ṣé ẹ lè gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ẹni tó gbà sí àkọ́kọ́ lè má gbà sí ìkẹta. Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn náà wà nínú àkásílẹ̀ fúnra rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ, ìlú àti ọjọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ awo wà tí kò yẹ kí wọ́n jáde. Bí àgbà bá ní kí ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ sì dá ẹ̀dà kan padà fún ìdílé náà kí sáà ẹ̀kọ́ tó parí.

Bí èmi ṣe máa yàn

Fún ọmọ ọdún kìíní lórí lítíréṣọ̀ alohùn, màá mú ohùn Ẹ̀fẹ̀ kan tí a ká fúnra wa ní Kétu, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní kíkọ tí àmì ohùn wà lórí rẹ̀. Fún orin, Rouget ni, kí Bascom sì tẹ̀ lé e. Fún tíọ́rì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti Collège de France.

Fún ìtàn Kétu, màá mú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú àgbà méjì láti ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ọdún 1886 kan náà. Màá jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ méjèèjì tẹ̀ léra, kí wọ́n tó ka ohun tí ìwé sọ.